Bí òpó ẹnjiníà bá bọ́ sáàárín ẹnu ọ̀nà: ẹ má fi ọwọ́ fà á

Iṣẹ́ àwòrán ilé ti kúrò ní iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ayàwòrán-ilé á ya yàrá, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹnjiníà á ya òpó, bíìmù àti dẹ́kìn, ẹni tó mọ̀ nípa omi àti iná náà á ya páìpù àti wáyà tirẹ̀. Láàárín àwa tí ọ́fíìsì wa kò tóbi, gbogbo wọn kì í sábà wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọ̀kan lè wà ní Ìbàdàn, kí èkejì wà ní Èkó, wọ́n á kàn máa fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ló máa wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ so fáìlì ẹnjiníà mọ́ tiyín, ẹ wá rí i pé òpó rẹ̀ dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà, tàbí kí gbogbo ilé rẹ̀ lọ jókòó sí ẹ̀yìn ọgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi máòsì mú un, wọ́n á fà á títí tí yóò fi jọ pé ó ti bọ́ sí ipò. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì tún un ṣe. Ìdí rẹ̀ àti ọ̀nà àbáyọ la fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Revit la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn sọ́fíwíà tí Autodesk, ilé-iṣẹ́ tó ni AutoCAD, rà lọ́dún 2002.

Kí ló ń fà á?

Gbogbo fáìlì Revit ló ní ibi kan tí wọ́n ti ń ka ìwọ̀n, bí òdo tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rúlà. Internal Origin ni wọ́n ń pe ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sún un. Àmì méjì mìíràn tún wà tó ṣeé sún: Project Base Point, tó jẹ́ ti ilé náà fúnra rẹ̀, àti Survey Point, tó so ilé mọ́ ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ wọ̀n. Bí ayàwòrán bá bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì ilé, tí ẹnjiníà sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín, òdo àwọn méjèèjì kò lè pàdé. Àwòrán oníkálukú lè péye, àmọ́ wọn ò ṣàdéhùn ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀.

Gíga náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ayàwòrán bá pe ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ní 0, tí ẹnjiníà pè é ní 100 mítà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni awọnlẹ̀ ṣe kọ ọ́, dẹ́kìn ẹnjiníà máa lọ dúró lójú ọ̀run. Òmíràn ni ọ̀nà tí ilé kọjú sí: ẹnì kan ya ilé rẹ̀ ní gbọọrọ kó lè rọrùn láti tẹ̀ sórí bébà, ẹnì kejì yà á bó ṣe wà gan-an lórí ilẹ̀ sí àríwá.

Èyí tó burú jù ni fáìlì awọnlẹ̀. Lórí ìwé ilẹ̀ Ìkẹjà, nọ́ńbà tí ẹ máa bá lára igun ilẹ̀ máa ń wà ní àyíká 540,000 mítà sí ìlà-oòrùn àti 730,000 mítà sí àríwá. Bí ẹ bá kó fáìlì bẹ́ẹ̀ wọlé tí ẹ ní kí òdo rẹ̀ bọ́ sórí òdo tiyín, ilẹ̀ náà máa jìnnà sí òdo Revit ju 900 kìlómítà lọ. Autodesk sì kìlọ̀ pé kí ohun tí a ń yà má kọjá kìlómítà 16 sí òdo náà, nítorí pé bó bá ti jìnnà jù, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìwọ̀n ò sì ní péye mọ́. Ẹ tún wo ẹyọ ìwọ̀n: mítà ni awọnlẹ̀ ń lò, mìlímítà ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò. Ẹni tó bá ṣì wọ́n mú, ìlọ́po 1,000 ni yóò fi ṣì í.

Kì í ṣe ọ́fíìsì kékeré nìkan ni èyí ń bá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá tó so Jámánì pọ̀ mọ́ Switzerland ní Laufenburg, ní nǹkan bí ọdún 2003, wọ́n mọ̀ pé ibi tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń ka gíga yàtọ̀ síra ní sẹ̀ǹtímítà 27. Níbi tí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, ibi tó yẹ kí wọ́n ti yọ ọ́ ni wọ́n ti fi kún un, ni ìyàtọ̀ náà bá di sẹ̀ǹtímítà 54. Orí lílé ni wọ́n ti rí i, ó sì di dandan kí wọ́n ṣàtúnṣe kí afárá náà tó parí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: sẹ̀ǹtímítà 22 àti ààbọ̀ péré ni ìbú búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án. Bí òpó bá fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, ó ti jáde kúrò nínú ògiri nìyẹn.

Kí ni fífi ọwọ́ fà á kò ṣe?

Bí ẹ bá fa fáìlì ẹnjiníà, inú fáìlì tiyín nìkan ni ipò tuntun náà wà. Ẹnjiníà kò mọ̀ sí i. Púlọ́ńbà tó bá so fáìlì kan náà mọ́ tirẹ̀ ṣì máa bá a níbi tó wà tẹ́lẹ̀, á sì gba inú bíìmù la páìpù kọjá láìmọ̀. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe

Èkíní, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì pamọ́, kí ẹ sì yan ọ̀kan ṣe olórí. Ti ayàwòrán ló sábà máa ń jẹ́.

Èkejì, ẹ so àwòrán awọnlẹ̀ mọ́ fáìlì olórí náà pẹ̀lú Auto - Center to Center, kí ẹ sì yan mítà fún ìwọ̀n rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ni kí ẹ sún, kí ẹ sì yí i, títí ilé fi jókòó síbi tó yẹ lórí ilẹ̀ náà. Ẹ má sún ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Manage, ẹ tẹ Coordinates, ẹ mú Acquire Coordinates, kí ẹ sì tẹ àwòrán awọnlẹ̀. Fáìlì yín ti mọ nọ́ńbà ilẹ̀ náà báyìí, ilé ò sì jìnnà sí òdo.

Ẹ̀kẹta, ẹ so fáìlì ẹnjiníà. Ẹ wá ibi kan tí ẹ jọ ní, bíi ibi tí ìlà A ti pàdé ìlà 1, kí ẹ lo Align láti fi mú wọn bára mu. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ síbi àwòrán ìhà ilé, kí ẹ mú gíga náà dọ́gba.

Ẹ̀kẹrin, ẹ padà sí Coordinates, ẹ mú Publish Coordinates, kí ẹ tẹ fáìlì ẹnjiníà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ yín, Revit á bi yín bóyá kó kọ ipò náà sínú fáìlì ẹnjiníà. Ẹ ní kó kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí fáìlì náà lásìkò yìí.

Ìkarùn-ún, ẹ yọ fáìlì náà kúrò, kí ẹ tún un so pẹ̀lú Auto - By Shared Coordinates. Bó bá bọ́ sí ipò fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ti yanjú. Ẹ fi Pin dè é.

Ẹ̀kẹfà, tó sì ṣe pàtàkì jù, ẹ dá fáìlì tí ipò ti wọnú rẹ̀ padà fún ẹnjiníà, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ nínú rẹ̀. Bó bá padà sínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òfo ni gbogbo làálàá yín.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá gba iṣẹ́ tuntun, ẹ kọ bébà kan péré kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà: ta ló di fáìlì olórí mú, ibo ni ìlà A àti ìlà 1 ti pàdé, kí ni gíga ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹyọ ìwọ̀n wo la ń lò, Revit ọdún wo la máa lò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe kókó, nítorí pé fáìlì tí wọ́n bá ti ṣe nínú Revit tuntun kò ṣeé ṣí nínú ti àtijọ́. Kí kálukú buwọ́ lù ú. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó bá kúrò nínú àdéhùn ló máa san owó àtúnṣe.

Kí ẹ sì tó tẹ àwòrán fún àwọn bíríkìlà, ẹ gé ilé náà láàárín lórí kọ̀ǹpútà, níbi àtẹ̀gùn, kí ẹ wò ó bóyá òpó, dẹ́kìn àti ògiri bára mu. Nínú kọ̀ǹpútà, kò ná yín ju àkókò díẹ̀ lọ láti sún òpó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da kọnkéré sí i, òòlù ni wọ́n máa fi sún un, ọ̀dọ̀ yín sì ni oníbàárà máa wá béèrè owó rẹ̀.