Láfẹ́nwá ní Etí Odò Ògùn

Bí a bá dárúkọ Abẹ́òkúta, Òkúta Olúmọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1830 yìí ní odò pẹ̀lú, ó sì ní àdúgbò kan tí a lè pè ní ọmọ odò náà. Láfẹ́nwá ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ó ti Ìtòkú, níbi tí àwọn oníṣòwò àdìrẹ gbé ń pàtẹ, sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ẹnu-Gádà, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ fún àlejò pé ó dé ẹnu afárá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò rí i pé omi ti fà, àpáta sì ti yọrí. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Láfẹ́nwá kọjá. Ọ̀nà Ayétòrò náà ti ibẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹrù oko àti èrò fi ń pàdé níbẹ̀. Ní ọdún 2021 a ṣí ojú irin tuntun, a sì kọ́ ibùdó rẹ̀ sí Laderin, ṣùgbọ́n ọjà Láfẹ́nwá kò tìtorí èyí tú.

Odò Ògùn kì í ṣe ti Láfẹ́nwá nìkan. Ìhà Ṣakí ni ó ti ṣàn wá, ọ̀sà Èkó ni ó sì ń lọ. Ní Arakanga ni a ti ń fà á fún àwọn ará Abẹ́òkúta láti mu. Ní Akute, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, a tún ń fà á fún àwọn ará Èkó. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ tí ó ti odò-ẹran Láfẹ́nwá ṣàn wọ inú rẹ̀, àti pàǹtírí ọjà tí a dà sí i, ń lọ bá aládùúgbò tí a kò fi ojú rí rí.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ilé síbẹ̀. Kí ó má ṣe wo ilé náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Kí ó bi àwọn àgbà àdúgbò pé, “Níbo ni omi dé rí?” Kí ó wo ara ògiri pẹ̀lú, nítorí omi a máa fi àpá sílẹ̀ níbi tí ó bá dé. Láti ọdún 1983 ni ìdídò Ọ̀yán ti wà lókè Abẹ́òkúta; bí a bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìgbà òjò, Odò Ògùn a máa kún sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àgbàrá òjò gba ẹ̀mí ní ìlú náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé. Onílé ni kò ní gbà fún un.

Báwo wá ni onílé kò ṣe ní í gbà? Kí á má ṣe kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Kí á gbá gọ́tà iwájú ilé wa kí òjò tó dé. Kí á sì kọ́ àwọn ọmọ wa pé odò kì í ṣe ààtàn.