Ìmọ́lẹ̀ tí ń fi ọ̀nà omi ara hàn nínú apá tí ó wú

Obìnrin kan lè ti bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ọmú, kí ọdún kan tàbí méjì kọjá, kí apá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Òrùka kò wọ ìka mọ́, apá bùbá há. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn mìíràn á ní jẹjẹrẹ ti padà dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn.

Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi mìíràn ń ṣàn nínú ara wa. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀, tóóró bí òwú, ó sì ń gba inú àwọn kókó kéékèèké kọjá. Omi ti apá ń gòkè wá sí abíyá. Bí wọ́n bá yọ kókó abíyá nítorí jẹjẹrẹ, tàbí tí wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ tọ́jú ibẹ̀, ọ̀nà náà lè dí, omi á sì sé sínú apá. Nínú obìnrin 5 tí wọ́n yọ kókó abíyá wọn, ó tó ẹnì kan tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n omi náà kò ní àwọ̀. Báwo ni dókítà yóò ṣe mọ ibi tí ó ti dí? Ní London, ní nǹkan bí 1952, dókítà John Kinmonth fi aró sí abẹ́ awọ kí ọ̀nà náà lè hàn, ó wá la awọ láti fi oògùn àwòrán sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, fún dókítà àti fún aláìsàn.

Lónìí, abẹ́rẹ́ kékeré ti tó. Wọ́n á gún aró aláwọ̀ ewé díẹ̀ sí abẹ́ awọ láàárín ìka, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí sí apá, kámẹ́rà á sì máa wò ó. Bí ọ̀nà bá ṣí, aró náà á gùn lọ bí okùn funfun lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá dí, á fọ́n ká bí ìràwọ̀. Nígbà mìíràn, ìràwọ̀ yìí a ti yọ kí wíwú tó hàn sójú, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Kámẹ́rà náà kò ríran kọjá nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ̀rọ IRM ni ó ń wo ibi tí ó jìn.

Àwòrán yìí ń fi ibi tí ó yẹ kí a darí omi sí han ẹni tí ń fọwọ́ ra apá. Ó tún ń jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ rí ọ̀nà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí kò tó mìlímítà 1 ní fífẹ̀, kí ó sì so ó mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ara yín bá kọ ayódíìn, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún aró náà.

Ibi tí kò sí kámẹ́rà, téèpù aránṣọ wúlò. Ẹ wọn apá méjèèjì ní ojú kan náà lóṣooṣù. Bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 ju èkejì lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bí apá náà bá gbóná, tí ó pọ́n, tí ibà sì dé, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i: ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn ń gbà wọlé.