Ṣé O Mọ̀? Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Yọ̀, Ta Ló Ń Wà Á?

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà oko kan nítòsí Ìjìó ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí o máa wo àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀kan ń bọ̀, ó di àpò ẹ̀gẹ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn. Ó dé kọ́nà tí yangí wẹ́wẹ́ kún, táyà ẹ̀yìn sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kíá, ó na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ó yí ọwọ́ ọ̀kadà síhà ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń sá lọ, ó tún tọ́. Kò sí olùkọ́ kankan tó jókòó kọ́ ọ. Ohun tó ṣe yẹn, àwọn ènìyàn ń sanwó gidi kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ lókè òkun. Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ náà ń gba ẹ̀mí là? Ìdáhùn rẹ̀ lè yà ọ́ lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí táyà ọkọ̀ kan ti fi ara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ? Ọkọ̀ tó kó ènìyàn márùn-ún pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló di gbogbo wọn mú sójú ọ̀nà. Ti ọ̀kadà jẹ́ méjì, ó sì kéré sí ti ọkọ̀. Bí omi, iyanrìn tàbí yangí bá ti wọ àárín àtẹ́lẹwọ́ yẹn àti ilẹ̀, ọkọ̀ ti di ti ẹni tó bá gbé e.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú ọkọ̀ yọ̀? Drift ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ á jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, á sì fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ darí rẹ̀ títí yóò fi jáde. Jàpáànù ni àṣà náà ti gbilẹ̀. Kunimitsu Takahashi, tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje, sọ ọ́ di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1970. Keiichi Tsuchiya, tó kọ́ tirẹ̀ lójú ọ̀nà orí òkè, ni wọ́n wá ń pè ní ọba drift. Ní ọdún 2000, ìdíje D1 Grand Prix bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ drift wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀: pápá tí wọ́n sé mọ́, tí wọ́n á da omi sí kó lè yọ̀ dáadáa, tí olùkọ́ á sì jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Áfíríkà náà ní tirẹ̀? Ní Soweto ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà ìsìnkú àwọn ìgárá ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi ọkọ̀ BMW pòòyì ní àwọn ọdún 1980. Lónìí ó ti di eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe nínú pápá, tí àwọn òǹwòran ń jókòó lẹ́yìn ògiri. Ohun tó ń pààyàn lójú títì ti ní ilé tirẹ̀ báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yíyọ̀ ti fi kún ìjàǹbá rí? Yìnyín máa ń bo ọ̀nà ní Nọ́wè. Ní 1979, ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ tuntun kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ta ni ì bá takò ó? Àmọ́ nígbà tí ìwádìí lórí ètò náà jáde ní 1988, ó hàn pé ìjàǹbá lórí ilẹ̀ yíyọ̀ ti pọ̀ sí i láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kó dáàbò bò wọ́n ló kì wọ́n láyà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Swídìn wá ìdí rẹ̀? Nils Petter Gregersen ni, ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1996. Ó pín àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì. Ó kọ́ àwọn kan ní ọgbọ́n bí wọ́n ṣe lè kápá ọkọ̀ tó ń yọ̀. Ó jẹ́ kí àwọn kejì fi ojú ara wọn rí i pé ọkọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ìdajì wákàtí péré ni. Nígbà ìdánwò, ọwọ́ àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn àkọ́kọ́ gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n gidigidi. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, bèbè odò ló ń dúró sí. Ẹni tó rò pé òun mọ̀ ọ́n ni àárín odò ń pè.

Ṣé o mọ̀ pé ìbẹ̀rù díẹ̀ lè dín ìjàǹbá kù? Ní oṣù Kẹsàn-án 1967, Swídìn kúrò ní wíwakọ̀ lọ́wọ́ òsì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn retí ikú rẹpẹtẹ. Ìjàǹbá lọ sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ra. Nígbà tí ara wọn mọlé, láàárín ọdún méjì, ó padà síbi tó wà. Àwa náà ní Nàìjíríà ṣí ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. Ṣáájú ọjọ́ náà, awakọ̀ tó bá gba ìhà Ìjìó kọjá sí Dàhọ̀mì, tó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ lónìí, gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà ní ẹnubodè. Ìfura loògùn àgbà.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni? Ó kọ́kọ́ jáde nínú Mercedes ní 1995. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ yọ̀, á tẹ bíréèkì táyà kan ṣoṣo tó yẹ, kí awakọ̀ tó ṣẹ́jú. Wo iwájú ìjókòó awakọ̀ nígbà tí o bá ṣíná: àwòrán ọkọ̀ kékeré tí ìlà wíwọ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kó tàn, kó sì kú. Bí ó bá ń tàn láìkú nínú tòkunbọ̀ rẹ, ẹ̀ṣọ́ yẹn ti sùn.

Ṣé o mọ̀ pé bíréèkì ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há, lè pẹ́ kó tó dá ọkọ̀ dúró lórí yangí ju bíréèkì àtijọ́ lọ? Táyà tó há máa ń wa òkúta wẹ́wẹ́ jọ síwájú ara rẹ̀ bí ebè, ebè yẹn á sì dá a dúró. Èyí tó ń yí kò ní ebè. Àǹfààní ABS ni pé o ṣì lè yí ọwọ́ ọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n nítorí pé kì í tètè dúró lórí yangí, jìnnà sí ẹni tó wà níwájú.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ yóò rìn dé lẹ́yìn bíréèkì yóò di ìlọ́po mẹ́rin? Ọ̀dà tuntun dùn, bíi ti ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65. Ẹni tó bá gbé eré ọ̀dà wọ ọ̀nà yangí ti jẹ gbèsè kó tó dé kọ́nà.

Ṣé o mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni irúgbìn Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti hù? Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, dá ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kejì 1988 ni ti ìjọba àpapọ̀ dé, Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Lónìí, òfin fẹ́ kí ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tuntun ti ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ náà fọwọ́ sí kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ ìbí táyà wà lára rẹ̀? Wá òǹkà mẹ́rin níparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó bá gbó a máa le, kì í di ilẹ̀ mú mọ́, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Austríà ti wá ọ̀nà tó já gaara? Láti 2003, awakọ̀ tuntun ibẹ̀ máa ń padà sí pápá lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn pápá, wọ́n á jókòó pọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, wọ́n á sọ ohun tó máa ń tì wọ́n sáré. Ọwọ́ kọ́, ọkàn náà sì kọ́.

Òkè-Ògùn lè ṣe èyí láìsí pápá olówó ńlá. Kí olùkọ́ ní Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilẹ̀ yangí tó ṣófo. Kó ní kó sáré díẹ̀, kó tẹ bíréèkì, kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ka ibi tí ọkọ̀ rìn dé. Kó tún padà wá fi eré ìlọ́po méjì ṣe é, kó sì tún kà. Ìṣísẹ̀ tó kà lọ́jọ́ náà ni yóò máa bá a dé gbogbo kọ́nà, yóò sì máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀ kí yangí tó dé.