Epo, Àdín àti Òróró: Iṣẹ́ tí Wọ́n Ń Ṣe nínú Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn

Àwọn àgbà ní epo ni ìrójú ọbẹ̀, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ń dán nínú ìkòkò kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ara. Ó yẹ kí baálé àti ìyálé mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí àìmọ̀ yìí a máa mú àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wọ inú ilé.

Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó dàbí ìda, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara kò sì lè ṣe aláìní rẹ̀. Alárù méjì ni ó ń gbé e kiri. Èkínní, tí a ń pè ní LDL, ń gbé e lọ sí gbogbo ara. Bí ó bá pọ̀ jù, a lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi há. Èkejì, HDL, ń kó àṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀. Híhá yìí kì í dunni, kì í sì í dá àgbẹ̀ dúró lóko. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó lè sọ pé LDL ti pọ̀ jù kí ewu tó dé.

Ọ̀rá tí ń dì ni ó ń mú LDL pọ̀ sí i. Ẹ wo igi ọ̀pẹ: èso kan, òróró méjì. Ara ẹyìn ni epo pupa ti ń wá, bí ìdajì rẹ̀ sì ni ọ̀rá dídì. Inú èkùrọ́ ni àdín ti ń wá. Bí 80 nínú 100 rẹ̀ ni ọ̀rá dídì. Ti òróró àgbọn tó 90. Ti òróró ẹ̀pà kò tó 20, ìyókù jẹ́ irú tí ń ṣàn. Bí a bá sì fi irú èyí rọ́pò ọ̀rá dídì, LDL a lọ sílẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, àdín a dì nínú ìgò, ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà a máa ṣàn síbẹ̀.

Èyí kò wí pé kí a kọ epo pupa. Nínú pupa rẹ̀ ni ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A wà, tí ó ń dáàbò bo ojú àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó bá gbé epo kaná títí pupa rẹ̀ fi parẹ́ ti sun ire inú rẹ̀, ọ̀rá dídì rẹ̀ sì kù síbẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni òróró tí ilé-iṣẹ́ sọ di líle fún bọ́tà àtọwọ́dá àti àkàrà òyìnbó. Ní 1990, Ọ̀mọ̀wé Mensink àti Katan ní ilẹ̀ Netherlands fi hàn pé irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ń gbé LDL sókè, ó sì ń fa HDL sílẹ̀. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe gbogbo orílẹ̀-èdè láti mú un kúrò nínú oúnjẹ.

Nítorí náà:

1. Kí a máa fi ṣíbí wọn epo sínú ọbẹ̀.
2. Kí òróró ẹ̀pà rọ́pò àdín nínú oúnjẹ.
3. Kí ẹ̀wà àti ewébẹ̀ pọ̀ nínú àwo. Ẹ̀wà a máa dín LDL kù.
4. Kí ẹni tí ó ti pé 40 ọdún lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Tẹ́ḿpìlì Ọlọ́run ni ara. Kí adùn ọ̀fun má ṣe bà á jẹ́.