Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ọ̀dá Ru Òrìṣà
Ní Kìṣí, bí òjò bá pẹ́, ẹ óò gbọ́ pé: "Òrìṣà ló ń bínú." Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n igi èmí tí wọ́n ń gé sun èédú káàkiri Òkè-Ògùn, ṣé òrìṣà ló gé e?

Ní 2021, ìgbìmọ̀ IPCC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là á mọ́lẹ̀ pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló mú ayé gbóná. Èéfín àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ló pọ̀ jù níbẹ̀; síbẹ̀, àáké tiwa náà ń dá kún un.

Níbi tí igbó bá tán, ewé wo ni Ọlọ́sanyìn yóò já? Ẹ jẹ́ ká rúbọ, ká sì gbin igi.