Alùpùpù Tó Ti Kú Sílẹ̀: Bíréèkì Ṣáájú Ẹ́ńjìnì

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ́ ti ọjà, ó sì tún jẹ́ ti ìlera.

Ẹ ò ní wọ agboolé púpọ̀ kẹ́ ẹ tó rí alùpùpù kan tí wọ́n fi ti ògiri lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ni ín ti ra tuntun, tàbí ó ti lọ sí Èkó, tàbí ó ti dolóògbé. Adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́ kan á wá, á ní, "Bàbá, ẹ tà á fún mi, màá tún un ṣe, màá fi ṣe zémìjàn." Èrò rere ni. Owó tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tá a máa ń rí ni pé owó tó yẹ kó lọ sórí bíréèkì, orí ọ̀dà àti ìjókòó tuntun ló ń lọ. Alùpùpù á dán, á dún, kò ní dúró. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń dá a dúró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kẹ́ ẹ tó dé ibi ohun tó ń mú un sáré.

Kẹ́ ẹ tó san owó rárá, ẹ béèrè ìwé. Káàtì gríìsì rẹ̀ dà? Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára irin férémù, lápá ọrùn, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń yí. Òmíràn wà lára ẹ́ńjìnì. Ẹ fi aṣọ àti kẹrosíìnì nu ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá kà á mọ́ ti inú ìwé, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà yẹn, ẹ dìde, ẹ máa lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ àbúrò ìyá yín ló ń tà á. Ẹni tí wọ́n bá bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Bó bá jẹ́ ti olóògbé, ẹ jẹ́ kí ẹbí pé, kí wọ́n fọwọ́ síwèé níwájú olórí abúlé. Ọmọ tó wà ní Kútọnu lè dé lọ́dún tó ń bọ̀ kó ní òun ò mọ̀ sí i.

Ẹ tún wo irú alùpùpù tó jẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, Honda CG125 àti àwọn ti Ṣáínà tí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀ ló rọrùn jù. Atẹ́gùn lásán ló ń tu ẹ́ńjìnì wọn lára, kò sí omi, kò sí kọ̀ǹpútà. Bajaj Boxer náà dára. Alùpùpù tí ẹ ò rí èkejì rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó.

Ẹ fi ọwọ́ rọra ti kíìkì rẹ̀ wò, ẹ má fẹsẹ̀ fò lé e. Bí kò bá mira rárá, ó ṣeé ṣe kí pístìnnì ti dípẹtà mọ́ inú sílíńdà. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, ṣùgbọ́n owó irin àlòkù ni kẹ́ ẹ san. Ẹ fa igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi òjò ti wọlé. Ẹ fi ìyẹn náà dínwó.

Ó ti délé wàyí. Ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ẹ tú ti iwájú. Ṣúù bíréèkì méjì ló wà nínú ìkòkò irin àárín ẹsẹ̀ náà. Bí ìbòrí wọn bá ti fẹ́lẹ́, tàbí tí ọ́ìlì bá ti rin wọ́n, ẹ ra tuntun. Fífọ ò lè mú ọ́ìlì kúrò nínú wọn. Eruku dúdú tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi pọ́ǹpù táyà fẹ́ ẹ. Asbestos wà nínú púpọ̀ lára àwọn ṣúù àtijọ́, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ sì ju aṣọ náà nù. Ẹ wo wáyà bíréèkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí okùn irin kan péré bá ti já lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Wáyà yẹn ò wọ́n, iyekíye tí wọ́n bá sì pè é, ó dín sí owó iwájú orí.

Táyà lè ní ara kó má sì dára. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti jókòó sínú oòrùn láti ìgbà yẹn ti sán lábẹ́lẹ̀, ó lè bẹ́ lórí eré pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ lẹ́yìn yín. Ṣéènì ńkọ́? Ẹ fà á sẹ́yìn níbi tó ti dì mọ́ eyín ẹ̀yìn. Bó bá gbéra tí ẹ ń rí àárín, ó ti gbó. Ẹ pààrọ̀ ṣéènì pẹ̀lú eyín méjèèjì pọ̀, torí eyín àtijọ́ á jẹ ṣéènì tuntun láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ́ńjìnì ló kàn báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù. Ẹ yọ búùjì, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní plọ́ọ̀gì. Ẹ da ọ́ìlì tuntun bíi ṣíbí kékeré kan sínú ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ rọra yí i kí ọ́ìlì náà lè tàn ká. Ẹni tó bá fò lé kíìkì lójú ẹsẹ̀ ń fi ìpẹtà ha sílíńdà ni.

Inú táǹkì ni wàhálà tó pọ̀ jù máa ń wà. Epo tó ti pẹ́ níbẹ̀ á lẹ̀ bí oje igi, ìpẹtà á sì bọ́ sínú ẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa epo yẹn jáde! Ẹ̀kán epo díẹ̀ tó bá gba ọ̀nà òfuurufú lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹnì kan bá ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì í, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ tú rọ́bà ìsàlẹ̀, kí epo ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì níta, jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ rántí iná tó jó ibi tí wọ́n kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó kú. Lẹ́yìn náà, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì díẹ̀ sínú táǹkì, kẹ́ ẹ mì í títí, kẹ́ ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tún un ṣe títí omi ìpẹtà ò fi ní jáde mọ́. Bí táǹkì bá jò, ẹ sọ fún wẹ́dà pé epo ti wà nínú ẹ̀. Táǹkì òfìfo ló léwu jù, torí oòrùn epo tó kù ló ń bú gbàù.

Kàbúrétọ̀ ní àwọn ihò tín-tìn-tín. Tẹ́ ẹ bá tú u, okùn bàbà rírọ̀ kan látinú wáyà iná ni kẹ́ ẹ fi là wọ́n. Abẹ́rẹ́ irin á mú ihò náà fẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnì á sì máa mu epo. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí kpayo fi gbówó lórí, ta ló fẹ́ ẹ́ńjìnì ọ̀mùtí?

Ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù sínú gálọ́ọ̀nù, kì í ṣe sẹ́bàá kànga. Kì í sì í ṣe oògùn làpálàpá, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún yín. Ó ń wọ ara, ó sì lè fa jẹjẹrẹ awọ. CG125 kò gbà tó lítà kan, ẹ má rò pé àkúnwọ́sílẹ̀ ló dáa.

Gbangba ìta ni kẹ́ ẹ ti tán an. Nínú yàrá tí wọ́n ti pa dé, èéfín rẹ̀ ní ohun kan tí kò lóòórùn, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ yọ búùjì wò nígbà tó bá tutù. Bí orí rẹ̀ bá pọ́n bí awọ ẹ̀pà, ó dára. Bó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù. Bí ọ́ìlì bá rin ín, rín-ìn-gì inú ẹ́ńjìnì ti ń gbó, ẹ pe mẹkáníìkì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùbẹ̀rẹ̀ dúró.

Ìrìn àkọ́kọ́, inú pápá ni, pẹ̀lú akoto, láìgbé ẹnikẹ́ni. Ẹ fún bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó jáde sí títì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, tẹ́ ẹ bá tún pàdé, kí ẹni tó bá ní alùpùpù gbé e wá. Ẹ wá nọ́ńbà ara férémù rẹ̀ jáde, ẹ ka ọjọ́ orí táyà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa. A óò mú mẹkáníìkì kan wá síbí láti dáhùn.