Oògùn Àárọ̀, Oògùn Alẹ́: Nígbà Tí Oorun Kọ̀ Tí Kò Wá

Ní nǹkan bí aago méjì òru ni Màmá wa máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rò pé àdúrà òru ni àbúrò wa ń gbà, inú wọn sì ń dùn, torí pé ìdánwò yunifásítì ti sún mọ́lé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà. Ọmọ náà kò rí oorun sùn ni.

Àìsùn àti àìróorunsùn kì í ṣe ọ̀kan náà nínú èdè wa. Àìsùn ni èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn: àìsùn òkú, àìsùn ìyàwó. Àìróorunsùn ni èyí tó ń mú èèyàn ní tipátipá. Àkọ́kọ́ ni Màmá rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Kàdúná.

Láti kékeré ni àbúrò wa yìí ti jẹ́ oníwàdùwàdù. Yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́rin, kò ní parí ọ̀kan. Ẹgba pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ká má parọ́. Ọdún tó kọjá ni dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ sọ fún wa pé ADHD ni, wọ́n sì kọ methylphenidate fún un, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Ritalin: mílígíráàmù 10 láàárọ̀, 10 mìíràn lọ́sàn-án. (Ìyàwó ẹni tó kọ́kọ́ ṣe oògùn náà ní Switzerland lọ́dún 1944, Marguerite Panizzon, tí wọ́n ń pè ní Rita, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.) Oògùn náà ṣiṣẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a rí i tó jókòó tó ka ìwé kan tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ nìyí. Kíláàsì rẹ̀ máa ń pẹ́, ló bá sún oògùn ọ̀sán sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó lè fi kàwé lálẹ́. Ó ń mu energy drink lé e, ó sì ń jẹ obì gbànja, tí kì í wọ́n ní ìlú wa. Nígbà tí oorun kọ̀, ó lọ sí kẹ́míìsì kan, wọ́n ta diazepam fún un láìbéèrè ìwé dókítà. Ó sùn lóòótọ́. Àmọ́ ojú rẹ̀ wúwo títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ló bá fi ẹyọ kan kún oògùn àárọ̀ kí ojú rẹ̀ lè dá. Nígbà tó di alẹ́, oorun tún sá. Bí oògùn méjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn kiri nínú ọmọ kan ṣoṣo nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò aago rẹ̀. Methylphenidate tó máa ń yára ṣiṣẹ́ ń lo bíi wákàtí 3 sí 4. Èyí tí wọ́n ṣe kó máa tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè lo 8 sí 12. Nítorí náà, èyí tó gbé mì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìwé tó ń bá Ritalin wá sọ pé àgbàlagbà tí kò bá rí oorun sùn gbọ́dọ̀ lo èyí tó kẹ́yìn kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Dókítà wa kò tilẹ̀ fẹ́ kó kọjá aago kan ọ̀sán. Ti obì, kọfí àti energy drink tún yàtọ̀. Caffeine tó wà nínú wọn máa ń lo nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó jẹ gbànja ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní aago kan òru.

Diazepam ló wá pẹ́ jù nínú ara. Ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò, ẹ̀dọ̀ sì tún máa ń sọ ọ́ di èròjà mìíràn tó ń pẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá ń lò ó lálaalẹ́, ti àná kò tíì lọ tí ti òní fi dé. Ojú tó wúwo láàárọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara sì tètè máa ń mọ́ ọn lára débi pé ẹni tó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, tó wá jáwọ́ lójijì, gìrì lè mú un. Bí ọtí, tramadol tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine bá pàdé rẹ̀ nínú ara, èémí lè dúró. Ẹ má ṣe gba oògùn náà lọ́wọ́ ọmọ yín kí ẹ dà á nù lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Dókítà ni kó sọ bí wọn yóò ṣe máa dín in kù.

Ìbéèrè kan tí dókítà bi wá ló yà wá lẹ́nu jù. Wọ́n ní: "Kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣé ó máa ń sùn dáadáa?" Gbogbo wa wo Màmá. Màmá ronú díẹ̀, wọ́n ní rárá, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méje, òun ló máa ń sùn kẹ́yìn nínú ilé. ADHD fúnra rẹ̀ máa ń sún oorun ọ̀pọ̀ èèyàn síwájú. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí oògùn bá tán lára wọn nírọ̀lẹ́ ni wàdùwàdù náà máa ń padà dé pẹ̀lú agbára. Irú wọn, dókítà lè fún ní ìwọ̀n kékeré lálẹ́ gan-an, wọn yóò sì sùn. Ìdí nìyí tí a kò fi lè jókòó sí pálọ̀ ká pinnu pé oògùn àárọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀.

Àwọn òbí kan tún máa ń fún ọmọ ní Phenergan tàbí Piriton kó lè sùn. Àwa náà jẹ̀bi, wọ́n fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Phenergan lè dá èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró, kò sì yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹnu kàn án rárá. Láwọn ọmọ mìíràn, dípò kí wọ́n sùn, ńṣe ni wọ́n á máa sáré kiri.

Melatonin ńkọ́? Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Kì í fi ipá dá èèyàn dùbúlẹ̀ bíi diazepam. Ńṣe ló ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Dókítà máa ń ní kí á lo díẹ̀, ní bíi wákàtí kan sí méjì kí á tó lọ sùn. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Àmì ohùn nìkan ló ya oorun àti oòrùn sọ́tọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n nínú ara, bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jáde, fóònù tó ń tàn lójú èèyàn ní aago méjìlá òru sì ń ṣe bí oòrùn kékeré. Ẹ tún ṣọ́ra nípa èyí tí ẹ óò rà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tí wọ́n sì gbé jáde lọ́dún 2017, yẹ irú 31 wò, ohun tó wà nínú èyí tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn kò bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu.

Dókítà kò fún àbúrò wa ní melatonin. Ìwé eléwé ogójì ni wọ́n ní ká rà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi kọ aago tó lo oògùn, aago tó dùbúlẹ̀, aago tó rò pé oorun gbé e lọ, aago tó jí, àti gbogbo obì tó jẹ. Obì yẹn pọ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Wọ́n dá oògùn kejì padà sí ọ̀sán, wọ́n ń dín diazepam kù díẹ̀díẹ̀, energy drink sì dópin. Aago mẹ́fà ló ń jí lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ Sátidé. Bí oorun kò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kó dìde lórí ibùsùn, kó lọ jókòó síbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan, American College of Physicians, sọ lọ́dún 2016 pé irú ìtọ́jú aláìlóògùn báyìí ló yẹ kí àgbàlagbà tí àìróorunsùn ń bá fínra kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ti NẸ́PÀ ló kù. Bí iná bá dé ní aago méjìlá òru, gbogbo ilé wa ló máa ń jí: ẹ̀rọ amómi á máa dún, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, ẹnì kan á máa wá ibi tí yóò ti lọ aṣọ. A fohùn ṣọ̀kan pé kí á máa pa gbogbo ṣíwíìṣì kí á tó sùn. Màmá kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ẹja wọn wà nínú fírísà. A yọ ti fírísà kúrò nínú òfin náà.

Ìwé náà ṣì wà lórí fìríìjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sùn ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ lóru mẹ́rin, ó di aago kan lóru méjì. Lóru keje, ìjọ tó wà lẹ́yìn ilé wa ṣe ìṣọ́ òru, kò sì sí ẹni tó sùn nínú gbogbo wa.